Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́: ibi tí wọ́n ti wá, àti ohun tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀ (Ìbéèrè àti ìdáhùn)

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ibi méjèèjì yìí ni wọ́n ti ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ tó ti gbó. Akẹ́kọ̀ọ́ á bi mí nítorí ìdánwò, àwọn àgbà á bi mí nítorí ẹsẹ Bíbélì tó rú wọn lójú. Mo kó èyí tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì inú Bíbélì King James ni wọ́n ń pè ní Old English?

Rárá o. Bíbélì King James jáde lọ́dún 1611, Shakespeare sì kú lọ́dún 1616. Gẹ̀ẹ́sì tiwọn ti sún mọ́ ti òní gan-an. Tí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ óò gbọ́ ọ. Old English gan-an ni èdè tí wọ́n sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 450 títí dé nǹkan bí ọdún 1100. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Middle English, èyí tí Chaucer, tó kú lọ́dún 1400, fi kọ ewì rẹ̀. Níhìn-ín, tí mo bá ti pe "Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì", ti àkọ́kọ́ yẹn ni mò ń sọ. Tó bá jẹ́ ti Bíbélì ni, màá dárúkọ Bíbélì.

Ta ló gbé èdè yìí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Àlejò ni wọ́n. Àwọn ará Róòmù ló ń ṣàkóso ibẹ̀ fún ohun tó lé ní 350 ọdún, kí àkóso wọn tó dópin ní nǹkan bí ọdún 410. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀yà kan wọkọ̀ ojú omi wá láti ibi tó jẹ́ àríwá Jámánì àti Denmark lónìí. Bede, mọ́ǹkì kan tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lọ́dún 731, pè wọ́n ní Angles, Saxons àti Jutes. Orúkọ àwọn Angles ni wọ́n fi pe èdè náà, "Englisc", òun náà ni wọ́n fi pe ilẹ̀ náà, "Engla land". Lẹ́nu àwa Yorùbá, "English" di Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ni pé nígbàkígbà tí ẹ bá ti sọ pé "Gẹ̀ẹ́sì", ẹ̀yà kékeré kan tó ti etí òkun Jámánì wá ni ẹ ń dárúkọ.

Àwọn onílẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ ńkọ́? "Wealh" ni àwọn àlejò ń pè wọ́n, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àjèjì. Òun ló di "Welsh". Ẹni tó ni ilẹ̀ ni wọ́n pè ní àjèjì, orúkọ náà kò sì kúrò lára wọn títí di òní.

Tí wọ́n bá gbé Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì síwájú mi, ṣé mo lè kà á?

Ní àkọ́rí, ẹ ò ní dá a mọ̀. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn:

*Fæder ure þu þe eart on heofonum, si þin nama gehalgod.*

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. "Fæder" ni father, "ure" ni our. Ẹ kíyè sí i pé "Bàbá wa" ni wọ́n tò ó níhìn-ín, bí àwa náà ṣe ń tò ó. Ti òní ló yí i padà. Lẹ́tà þ dúró fún "th", nítorí náà "þu" ni thou, "þin" sì ni thine. "Eart" ni art, "heofonum" ni heavens, "nama" ni name. "Gehalgod" ni hallowed, ìyẹn ohun tí a yà sí mímọ́, ara rẹ̀ náà sì ni Halloween, alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré, "þe" àti "si", ló ti kú nínú ìlà yẹn. Àwọn tó kù wà láàyè, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀.

Kí ni "ye" tó wà lára pátákó àwọn ilé ọtí àtijọ́ ní London, "Ye Olde" báyìí báyìí?

"The" ni. Lẹ́tà þ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, thorn ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, bí àwọn akọ̀wé ṣe ń sáré kọ ọ́, ó wá ń jọ y. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, lẹ́tà òjé tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun kò ní þ nínú, ni àwọn òǹtẹ̀wé bá ń fi y dípò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pè é ní "yi" nígbà náà. "The" ni gbogbo wọn ń kà. Bí lẹ́tà yẹn ṣe sọ nù nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí. Àwa tí à ń fi fóònù kọ Yorùbá mọ̀ bó ṣe ń rí: ẹ̀rọ tí kò ní ọ, tí kò ní àmì ohùn, á sọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko di ọ̀rọ̀ kan náà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé "lord" àti búrẹ́dì jọ tan?

Lóòótọ́ ni, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. "Hlaf" ni wọ́n ń pe búrẹ́dì. Òun ló di "loaf". "Weard" ni olùṣọ́. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó di "hlafweard", olùṣọ́ búrẹ́dì. Ẹnu gé e kúrú sí "hlaford", ó tún gé e títí ó fi di "lord".

Ìyá ilé ńkọ́? "Hlæfdige" ni. Apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn jẹ mọ́ pípo ìyẹ̀fun, òun àti "dough" sì jọ tan. Apobúrẹ́dì ni ìtumọ̀ rẹ̀, òun ló sì di "lady". Ìránṣẹ́ tó ń gbé lábẹ́ wọn náà ní orúkọ tirẹ̀: "hlafæta", ajẹbúrẹ́dì. Ẹ fojú inú wo ilé náà: ẹnì kan ń po ó, ẹnì kan ń ṣọ́ ọ, àwọn yòókù ń dúró kí wọ́n fún wọn jẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ti ya àwòrán gbogbo agbo ilé, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di pé ẹnì kan ń ṣàlàyé ta ni ọ̀gá. Lónìí, wọ́n ní House of Lords, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ní London, aṣọ pupa, àga aláwọ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń ṣọ́ búrẹ́dì ni orúkọ wọn ń jẹ́.

Wọ́n tún ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní "hlafmæsse", tó di Lammas, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Wọ́n á fi àlìkámà tuntun yan búrẹ́dì, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n bù kún un. Ẹni tó bá ti rí ọdún ìjẹṣu rí, kò ní béèrè irú ọjọ́ tó jẹ́.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kan á fi fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀?

Nítorí pé ènìyàn ló ń lò ó. "Deor" jẹ́ ẹranko èyíkéyìí. Àgbọ̀nrín ni ọdẹ ń wá jù, nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn fún ẹranko sì ti ilẹ̀ Faransé àti Látìnì wọlé, "deer" wá ku àgbọ̀nrín nìkan lọ́wọ́. "Steorfan" ni kí ènìyàn kú, ikú yòówù kó jẹ́. Ikú ebi ló kù sínú "starve" lónìí. "Cniht" ni ọmọkùnrin, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ọba tó ń gun ẹṣin lọ sójú ogun ló sọ ọ́ di "knight". "Cnafa" náà, ọmọkùnrin ni, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹni gbé e ga: ó di "knave", oníjìbìtì. Ọ̀rọ̀ méjì tó jọ gbé lójúde kan náà, ọ̀kan di ìjòyè, èkejì di olè.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni "sælig". Alábùkún fún ni, ẹni tí orí rẹ̀ sunwọ̀n. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í ní ẹ̀tàn nínú, nítorí náà ó di aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ayé máa ń rẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ jẹ, nítorí náà ó di ẹni àánú. Láti ibẹ̀ ó di aláìlera, ó wá di "silly", ẹni tí kò gbọ́n. Ìbùkún ló bẹ̀rẹ̀, ìwà òmùgọ̀ ló parí sí.

"Nice" ló gba ọ̀nà òdìkejì. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti gbà á ní nǹkan bí ọdún 1300, Látìnì ni ìdí rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó rìn títí ó fi di ènìyàn dáadáa.

Ṣé inú "man" ni "woman" ti jáde?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò ó. "Mann" nígbà náà ni ènìyàn, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. "Wer" ni ọkùnrin, "wif" ni obìnrin, yálà ó ti lọ́kọ tàbí kò tíì lọ́kọ. "Wifmann" ni ènìyàn tó jẹ́ obìnrin, òun ló di "woman". "Wer" ti kú, àfi nínú "werewolf", ọkùnrin tó di ìkookò. Ìtumọ̀ àtijọ́ "wif" ṣì wà nínú "midwife": "mid" ni pẹ̀lú, nítorí náà agbẹ̀bí ni ẹni tó dúró ti obìnrin.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe Ọlọ́run ní "Thou"? Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ rárá, àwa ọmọ Yorùbá ló sì yẹ kó tètè yé jù, torí a ní irú rẹ̀ nílé. "Thou" ni ìwọ. "Ye" ni ẹ̀yin. "Thee" àti "you" ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ti ń sọ pé "mo rí ọ", "mo rí yín". Ní Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì, iye ènìyàn nìkan ni wọ́n ń wò: kódà ọba, "þu" ni, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni. Ó di ìgbà tí àṣà ààfin Faransé ràn wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ye" àti "you" bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, bí a ṣe ń sọ "ẹ" fún àgbà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọ "thou" sí ẹni tó jù ú lọ ń wá ìjà ni. Lọ́dún 1603, níbi ẹjọ́ Walter Raleigh, ìjòyè tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn, agbẹjọ́rò ọba, Edward Coke, dìídì pè é ní "thou", ó tún sọ ọ́ síta pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kó lè fi wọ́lẹ̀.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé "Thou" ni wọ́n lò fún Ọlọ́run? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tẹ̀ lé èdè Hébérù àti Gíríìkì: ẹnì kan, "thou", ènìyàn púpọ̀, "ye". Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan. Ẹ wo bí àwa náà ṣe ń gbàdúrà. Ẹni tí kò jẹ́ sọ "ìwọ" sí bàbá rẹ̀ láyé á kúnlẹ̀ lórí ẹní, á ní "Olúwa, Ìwọ lo dá mi, má fi mí sílẹ̀". Kò sí ẹni tó máa sọ pé ó rí Ọlọ́run fín.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò nínú Ìwé Mímọ́ gan-an. Ẹ ṣí Lúùkù 22, ẹsẹ 31 àti 32. Jésù sọ fún Símónì pé Sátánì ń fẹ́ "you" láti kù bí àlìkámà, ṣùgbọ́n òun ti gbàdúrà fún "thee". Ọ̀pọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tuntun ń lo "you" fún méjèèjì. Ti 1611 fi hàn wá pé gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni Sátánì ń lépa, Símónì nìkan ni Jésù sì dojú àdúrà yẹn kọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí, mi ò ka ẹsẹ yẹn bákan náà mọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo nínú Bíbélì King James ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù?

"The quick and the dead". Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan túmọ̀ rẹ̀ sí àwọn tó ń yára àti àwọn tó ti kú. Kò jẹ̀bi. "Cwic" ni alààyè, nítorí náà alààyè àti òkú ni.

"Let" le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Róòmù 1:13, Pọ́ọ̀lù ní òun ti fẹ́ wá, ṣùgbọ́n òun "was let". Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀: "lætan", kí a gbà fún ènìyàn, àti "lettan", kí a dí ènìyàn lọ́wọ́. Ohùn wọn wá di ọ̀kan. Èkejì ni Pọ́ọ̀lù ń sọ: wọ́n dí i lọ́wọ́.

"Meat" nínú Jẹ́nẹ́sísì 1:29 kì í ṣe ẹran. Ewébẹ̀ àti èso igi ni Ọlọ́run fún wọn níbẹ̀, ó sì pè é ní "meat", torí "mete" ni oúnjẹ. "Earing" nínú Ẹ́kísódù 34:21 kò bá etí tan. "Erian" ni kí a túlẹ̀, ìgbà ìtúlẹ̀ ni. "Ghost" ni ẹ̀mí, "gast", kì í ṣe iwin.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí "gospel". Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi dé, wọ́n bá ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan pàdé tó jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ náà lódidi. Wọ́n mú "god", tó jẹ́ rere, wọ́n mú "spel", tó jẹ́ ìròyìn, wọ́n so ó pọ̀: "godspel". Ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tó ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá bá ọ̀rọ̀ kan náà pàdé, wọ́n mú ìhìn, wọ́n mú rere, ó di Ìhìnrere. Ọgbọ́n kan náà ni.

Àwọn orúkọ ọjọ́ ńkọ́?

Òrìṣà ni. Tiw ló ni Tuesday, Woden ló ni Wednesday, Thunor ló ni Thursday, Frig ló ni Friday. Òrùn àti òṣùpá ló ni Sunday àti Monday, Saturn ti àwọn ará Róòmù ló ni Saturday. "Thunor" ni àrá, òun ni "thunder" òní. Àwa tí a ní ọjọ́ Jákúta mọ irú òrìṣà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ pé "egg" kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ọ̀dọ̀ àwọn Viking ló ti wá, àwọn jagunjagun tó ń wọkọ̀ ojú omi wá láti Denmark àti Norway. Lọ́dún 793 ni wọ́n kọlu ilé àwọn mọ́ǹkì ní Lindisfarne. Wọ́n ń jalè, wọ́n ń jagun, nígbà tó yá ọ̀pọ̀ wọn dúró, wọ́n dáko, wọ́n fẹ́yàwó. Ọ̀rọ̀ wọn wọ ilé Gẹ̀ẹ́sì lọ títí dé ìdí ààrò: "skin", "leg", "take", "law", "husband", àti "they" pàápàá. "Window" ni "vindauga" wọn, ojú afẹ́fẹ́. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì ní fún un, "eagþyrl", ihò ojú, kú. "Þyrl" tó jẹ́ ihò kò kú tán o: ó wà nínú "nostril", ihò imú.

Ẹyin wá di ìjà. Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìtàn kan lọ́dún 1490. Àwọn oníṣòwò kan ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Zeeland, tó wà ní Netherlands lónìí. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, wọ́n bá gúnlẹ̀ ní etí òkun Kent láti wá nǹkan jẹ. Ọ̀kan nínú wọn wọ ilé kan, ó ní kí ìyá ilé ta "eggys" fún òun. Ìyá náà ní òun ò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, nítorí òun náà ò gbọ́ Faransé, ẹyin lòun ń wá! Ẹnì kejì rẹ̀ dá sí i, ó ní "eyren" ni wọ́n ń fẹ́. Ìyá ní ẹ̀hẹ́n, ó yé òun wàyí. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ ẹyin ló yà wọ́n. Ará Ìjẹ̀bú tó bá ti ná ọjà lọ́dọ̀ ará Èkìtì á mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni Caxton ń pa.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066?

William, ìjòyè àgbà (duke) àwọn Norman tó wá láti àríwá Faransé, ṣẹ́gun ní Hastings ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Láti ìgbà náà, Faransé ni èdè ààfin, Látìnì ni èdè ìwé, Gẹ̀ẹ́sì sì di èdè àwọn tálákà. Ẹ lọ wo ọjà ẹran. Nígbà tí ẹran bá wà láàyè nínú oko, Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì ló ni ín: "cow", "swine", "sheep", "calf". Tó bá ti dé inú àwo, ó di Faransé: "beef", "pork", "mutton", "veal". Ẹni tó ń da ẹran kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Mo máa ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ojú ń tì láti sọ Yorùbá láàárín ọ̀rẹ́: Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń wárí fún yìí, ojú ti àwọn ènìyàn láti sọ ọ́ níwájú ìjòyè rí, ní ilẹ̀ ara rẹ̀. Ó di ọdún 1362 kí òfin tó gbà pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù, Faransé ni wọ́n sì fi kọ òfin náà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1399, Henry kẹrin dìde, ó fi Gẹ̀ẹ́sì gba adé. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, àwọn darandaran, alágbàtọ́ àti ìyá ọlọ́mọ ló ń sọ ọ́ tí kò fi kú.

Ṣé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì kankan wà lẹ́nu àwa Yorùbá?

Ó pọ̀. Ìyá ìyá mi ń ka owó ní pọ́n-ùn, ṣílè àti sísì títí tó fi dolóògbé, kò gba náírà sọ́kàn rárá. "Pund" ni pọ́n-ùn, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n yá lọ́wọ́ Látìnì. "Scilling" ni ṣílè. Sísì jẹ́ pẹ́nì mẹ́fà, "siex". Kọ́bọ̀ ló rìn jìnnà jù: "copper" ni, bàbà. Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì ń pè é ní "coper", Látìnì ń pè é ní "cuprum", nítorí pé erékùṣù Cyprus ni àwọn ará Róòmù ti ń wa bàbà. Wọ́n fi owó bàbà náwó níbí, ẹnu wa sọ ọ́ di kọ́bọ̀, nígbà tí ìjọba yí owó padà lọ́dún 1973, wọ́n gba kọ́bọ̀ wọlé lábẹ́ òfin. Orúkọ erékùṣù kan ló wà nínú àpò wa.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni "cirice", Gíríìkì ni ìdí rẹ̀, "ti Olúwa". Bíṣọ́ọ̀bù ni "biscop", Gíríìkì náà ni, alábòójútó. Bọ́tà àti kíṣíìnì, Látìnì ni Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì ti yá wọn. Ẹni tó bá ń fi wá ṣẹ̀sín pé à ń yá ọ̀rọ̀ lò, kó lọ wo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti rí tirẹ̀.

Mo ń gbé ní Peckham, ní London. Kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà?

"Peac" ni òkè, "ham" ni ibùgbé: abúlé ẹ̀bá òkè. Ó ti wà nínú ìwé ìkànìyàn àti ìkàlẹ̀ ti ọdún 1086, wọ́n kọ ọ́ ní Pecheham. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ kún ibẹ̀, ẹ tún wo àyíká yín: Southwark ni odi gúúsù, Woolwich ni ibi ìṣòwò irun àgùntàn. Oxford ni ibi tí màlúù ti ń la odò kọjá. Ọ̀pọ̀ "chester" àti "caster", bíi Manchester àti Lancaster, ibùdó ọmọ ogun Róòmù ni.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ìtàn ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe irọ́?

Ẹ fura sí ìtàn tó bá dùn jù. Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé lẹ́tà àkọ́kọ́ àríwá, ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ni wọ́n fi ṣe "news". Irọ́ ni, ohun tuntun, "new", ni wọ́n sọ di púpọ̀. Ṣáájú ọdún 1900, kò wọ́pọ̀ kí wọ́n ṣa lẹ́tà jọ di ọ̀rọ̀, nítorí náà ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ àtijọ́, ẹ jù ú nù. Wọ́n tún ní ọba kan fi oyè "Sir" dá ẹran lọ́lá, ó di "sirloin". Irọ́ náà ni. Faransé ni, òkè ìbàdí. Ṣùgbọ́n "goodbye" tó dà bí àlọ́ yẹn, òótọ́ ni: "God be with ye" ni, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín.

Ibi tí ẹ ti lè wádìí ni Oxford English Dictionary. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1884, ó di 1928 kó tó parí. James Murray tó jẹ́ olóòtú rẹ̀ kú kó tó rí òpin rẹ̀. Ó ń fi ọdún àti àpẹẹrẹ hàn yín bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí. Fún Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì gan-an, ìwé atúmọ̀ èdè Bosworth àti Toller wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ni k ń ṣe níwájú "knight"?

Wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ ni. K ń dún, gh náà ń dún nínú ọ̀fun. Ohùn kú, àkọtọ́ kò kú.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ wo ló wù yín kó padà wá?

"Uhtcearu". "Uht" ni ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́. "Cearu" ni àníyàn. Àníyàn tó ń jí ènìyàn lóru ni. Ó wà nínú ewì kan nínú ìwé tí Bíṣọ́ọ̀bù Leofric, tó kú lọ́dún 1072, fi ta kàtídírà Exeter lọ́rẹ. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti gba ojú omi lọ, ó ní òun ní uhtcearu, òun ò mọ ilẹ̀ tó wà. A ní ìdájí, a ní àníyàn, àmọ́ a ò ní ọ̀rọ̀ kan tó so wọ́n pọ̀ báyìí. Aládùúgbò mi kan wà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ sí òkè òkun láti ọdún mélòó kan. Ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, tí mo bá jí láti bomi, mo máa ń rí iná fóònù rẹ̀ lójú fèrèsé.